Ṣé kí n pààrọ̀ ráútà ilé wa ni àbí kí n ṣì máa lo èyí tó wà ńlẹ̀?

Ọmọ Parakin
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Parakin la wà níbí n'Ifẹ̀, ilé oníyàrá mẹ́ta, ráútà onísímù 4G la ní, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì símù yí ilé ká, ó ti pẹ́ díẹ̀, 2.4GHz nìkan ló mọ̀ nínú àwọn ìgbì tí Wi-Fi ń lò, 802.11n, irú Wi-Fi àtijọ́ kan, ni wọ́n kọ sídìí ẹ̀. Tí ìyàwó mi bá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ ṣe kíláàsì lórí Zoom, ohùn á máa gé, àwòrán á dúró gbagidi, àfi kó tún padà wá sí pálọ̀ níbi táwọn ọmọ ti ń pariwo. Tó bá wá di alẹ́, pálọ̀ gan-an ò dáa mọ́. Ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Lagere ní kí n lọ ra ráútà Wi-Fi 6, irú tó tuntun ju tiwa lọ, pé gbogbo ẹ̀ á yanjú, àmọ́ owó tó pè é kì í ṣe kékeré, owó iléèwé àwọn ọmọ sì wà ńlẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Wáyà Mayfair
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Wàhálà méjì lẹ kó pọ̀ yẹn. Ti alẹ́, ó jọ pé ọ̀dọ̀ másìtì ló ti ń wá, torí gbogbo àdúgbò ló ń fa dátà níbì kan náà nígbà tí kálukú bá ti délé, kò sì sí Wi-Fi tẹ́ ẹ máa rà tó lè tún ìyẹn ṣe, ohun tí símù bá mú wọlé náà ni Wi-Fi máa gbé yí ilé ká. Ẹ wá wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ihò LAN lẹ́yìn ráútà, ẹ pa Wi-Fi láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ wá ṣe speed test, ìyẹn ìdánwò bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yá tó, láàárọ̀ àti lálẹ́. Iye tẹ́ ẹ bá rí, ohun tí símù ń gbé wá gan-an nìyẹn. Ráútà 802.11n tó ní eriali méjì lè gbé 144Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yá tó) lórí ìwé, ká tiẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ lẹ ń rí, ó ṣeé ṣe kó ṣì ju ohun tó ń wọlé lọ.

Ti yàrá ẹ̀yìn, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ gbé ráútà sí. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì? Irin kì í jẹ́ kí Wi-Fi ráyè kọjá, dígí ńlá ara wọ́dúróòbù náà ń dí i. Ẹ gbé e síbi tó ga, kó sún mọ́ àárín ilé, àmọ́ kẹ́ ẹ máa wo iná sígínà bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e kiri, kẹ́ ẹ má lọ torí yàrá ẹ̀yìn pàdánù másìtì.

Àǹtí Iléṣà
Mo gbà pẹ̀lú Wáyà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ilé táwa ń gbé, gbogbo ayálégbé ló ní Wi-Fi tiẹ̀, orí 2.4GHz sì ni gbogbo wọn wà, chánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà lórí ìgbì náà, tí ò gun ara wọn níbẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ, 1, 6 àti 11, ẹ wo bó ṣe máa rí. Mo ra ráútà tó ní 5GHz, ìgbì míì yàtọ̀ sí 2.4GHz, irú Wi-Fi 5 lásán ni, kì í ṣe Wi-Fi 6, ara sì tù mí. Tí àdúgbò yín bá kún bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, pípààrọ̀ ò burú rárá. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé 5GHz kì í la ògiri búlọ́ọ̀kù bíi ti 2.4, pálọ̀ ló máa gbádùn ẹ̀, yàrá ẹ̀yìn lè má rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì
Ààbò ńkọ́? Tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ráútà yẹn ò bá fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́, èmi á pààrọ̀ ẹ̀ kódà kó máa sáré. Tẹ́ ẹ bá ṣì máa lò ó, ẹ rí i pé WPA2 lẹ fi sí, irú ìdáàbòbò Wi-Fi kan, kì í ṣe WEP àtijọ́, ẹ pa WPS, ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn sopọ̀ láì tẹ pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù admin tó bá a wá, èyí tẹ́ ẹ fi ń wọ inú ètò ráútà. Iná náà tún wà ńbẹ̀ o, tí iná bá ṣẹ́jú péré, ráútà á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá másìtì, kíláàsì ti lọ nìyẹn. Mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé ráútà tí iná bá lọ, máa gbà yín, ẹ wo ara ṣájà bóyá 12V ni kẹ́ ẹ tó rà.

Ọmọ Parakin
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Mo ti so wáyà: 18Mbps láàárọ̀, 3 lálẹ́. Màá yá símù àbúrò mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì ni, fi dán an wò. Mo gbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sẹ́nu ọ̀nà kọ́rídọ̀, yàrá ẹ̀yìn ti sàn díẹ̀ láàárọ̀ àmọ́ kò tíì dúró. Mi ò ra Wi-Fi 6 yẹn mọ́. Tí n bá fa wáyà lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí n fi ráútà àtijọ́ míì sí ìparí ẹ̀ ńkọ́?

Wáyà Mayfair
Ìyẹn gan-an ni. LAN sí LAN ni kẹ́ ẹ fi so wọ́n, ẹ pa DHCP ti èkejì, ohun tó ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù, tí àdírẹ́sì ráútà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 192.168.1.1 ẹ fún èkejì ní 192.168.1.2, ọ̀kan lórí chánẹ́ẹ̀lì 1, èkejì lórí 11. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e ti tó, bàbà gidi ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi bàbà bo àlùmíníọ̀mù. Símù yẹn, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ráútà yín ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, torí ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti tì pa mọ́ símù ẹni tó tà á.