Mọ́tò tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni mo gbé lọ sí track day, ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Sípánà:
Ẹ̀yin ará, mo ti rí i tí wọ́n ń bèèrè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pé ṣé èèyàn lè gbé mọ́tò tó ń wà lọ síbi iṣẹ́ lọ sí track day, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí pápá ìsáré mọ́tò sílẹ̀ kí èèyàn lè wa mọ́tò tiẹ̀ níbẹ̀, kó sì tún wà á wálé. Ó ṣeé ṣe o. Mọ́tò tèmi kì í ṣe mọ́tò ìsáré rárá, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, àga ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú kí n tó yọ ọ́, mo kó gbogbo ẹrù inú búùtù jáde, títí kan kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ dírẹ́bà torí ìyẹn lè sún lọ há sábẹ́ pẹ́dà. Àwọn èèyàn á máa ní ẹ́ńjìnnì àwọn kéré, mọ́tò àwọn ò lágbára. Agbára kọ́ jàre, bíréèkì ni.

Lójú títì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n lèèyàn ń tẹ bíréèkì tagbáratagbára, bóyá tí ẹnì kan bá já síwájú ẹ lójijì. Nínú pápá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà, ẹ sáré dé 200 km/h, ẹ tẹ̀ ẹ́ wá sí 100, ẹ tún gbéra, kó tó tutù ẹ ti tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ sì wò ó o, kí mọ́tò ti 200 wá sí 100, ooru tó ń kó sí bíréèkì lára tó ìlọ́po 3 èyí tó ń kó sí i tí mọ́tò bá ti 100 dúró jẹ́ẹ́. Ẹ máa rò pé 100 náà ṣáà ni wọ́n jọ yọ kúrò, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, òkè níbi tí eré ti pọ̀ ni ìyà ti ń jẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí mẹkáníìkì da omi bíréèkì tó wà nínú ẹ̀ nù kó rọ DOT 4 tuntun, irú omi bíréèkì kan, sí i. Ó ní ṣebí kò dín, kí ni mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ fún. Kò lè dín kẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra díẹ̀díẹ̀! DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C, èyí tó ti fa omi sára lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti nǹkan bíi 155°C. Tó bá ti hó, gáàsì ló máa kún inú páìpù, gáàsì sì ṣeé fún pọ̀, ẹ máa tẹ pẹ́dà títí á fi kanlẹ̀, mọ́tò ò ní dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n kó gbogbo wa jọ ká tó wọlé, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní wà nínú pápá. Wọ́n ka àsíá fún wa: yẹ́lò, ewu wà níwájú, rọra, má kọjá ẹnikẹ́ni, pupa, ó ti parí fún gbogbo yín, ẹ máa bọ̀ wálé wọ́ọ́rọ́wọ́, búlúù, ẹni tó yá jù ẹ́ wà lẹ́yìn, dúdú, tí wọ́n bá nà án sí ẹ, ìwọ gan-an ni wọ́n ń pè, bóyá mọ́tò ẹ ń jò. Wọ́n ní ìdíje kọ́ o, a ò ka àsìkò ẹnì kankan.

Mo wá wọlé, mo ń gbádùn ara mi, àṣé pẹ́dà ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò tíì kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń mú láàárọ̀ ti sún lọ sísàlẹ̀, òórùn páàdì bíréèkì tó ń jóná sì wọlé sí mi nímú, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò ní bèèrè pé kí ni. Mo fi sígínà hàn wọ́n, mo yí pápá lẹ́ẹ̀kan sí i wọ́ọ́rọ́wọ́, mo ń fi jíà dá a dúró, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí dísíìkì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mọ́, mo wá jáde. Ibi tí mo páàkì sí, mo fi í sí jíà kìíní, mo fi pákó há táyà, mi ò fa háńdì bíréèkì. Etí dísíìkì iwájú ti ń dán búlúù búlúù, ooru tó ń ti àárín ríìmù jáde, mi ò lè gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn.

Bọ̀ọ̀dá kan tó páàkì tì mí, mọ́tò tiẹ̀ lágbára tó tèmi lẹ́ẹ̀méjì, ó lo àsìkò tí wọ́n fún un nínú pápá dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ó já wọlé tòun ti eré, ó sì fa háńdì bíréèkì gan-an. Èéfín sọ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tó tún máa gbéra, páàdì ti lẹ̀ mọ́ dísíìkì, látìgbà yẹn tó bá ti tẹ bíréèkì báyìí gbogbo mọ́tò á máa gbọ̀n. Nítorí náà mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra bíréèkì olówó ńlá. Omi tuntun, páàdì tó ṣì nípọn, kẹ́ ẹ sì jáde nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ yín.

Àǹtí Oníbúlúù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ti bíréèkì tán, ẹ jẹ́ n sọ ti táyà. Èmi àtọkọ mi la jọ lọ, a gba olùkọ́ tó jókòó tì wá, òun ló fún wa ní ṣọ́ọ̀kì pé ká fi fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ká lè rí ibi tó ń fi ha ilẹ̀ dé. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wà á. Ó jáde, ó ní táyà yìí ò dáa, iwájú kì í gbọ́ràn. A wo ìlà, ó ti pa rẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú lọ́wọ́ òsì, torí kọ́nà ọ̀tún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Olùkọ́ ní bóyá afẹ́fẹ́ ló kéré. A fi gééjì sí i, 32 psi tí a fi sí i láàárọ̀ nígbà tó tutù ti di 39! Ó ní ó dáa, á jẹ́ pé ẹni tó ń yí sítíárìn ni, tí iwájú bá ti ń yọ̀, ńṣe lẹ máa dín eré, tẹ́ ẹ bá tún ń yí i sí i ẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ táyà ha ilẹ̀ lásán ni. Ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ mu omi 😂

39 yẹn ti pọ̀ jù, a yọ afẹ́fẹ́ wá sí 34 nígbà tó ṣì gbóná, ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn kedere. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa wà á lọ sílé ẹ tún un fẹ́ o, tó bá tutù tán ó máa wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbúrò Tọ́tù:
Àǹtí, ẹ bá wa kí wọn níbi tí wọ́n ti ń mu omi 😂. Ọ̀rẹ́ mi lèmi tẹ̀ lé lọ, ohun tí mo rí ni pé kẹ́ ẹ ka ìwé ìnṣọ́ráǹsì yín dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló yọ pápá ìsáré kúrò, bí kì í tiẹ̀ ṣe ìdíje. Ọ̀rẹ́ mi ra ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́tọ̀, mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó yọ̀ wọ koríko, bọ́ḿpà iwájú fà ya. Yẹ̀yẹ́ tán.

Bàbá Sípánà:
Hmm, ó ṣojú fún yín. Ẹ tún fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò tó bá ti tutù, kẹ́ ẹ tó jáde sí títì, tèmi yí díẹ̀ kó tó le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀tómátíìkì lọ rí tí jíà gbóná débi pé iná tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀yin ló kàn.