Èsì: Amọ́pọlọtutù: ọ̀pọ̀lọ́ wo lẹ fẹ́ mú tutù?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín láti Tankẹ n'Ílọrin, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà kọ lánàá. Wọ́n ní pẹlẹbẹ oníná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kó lè tutù, èyí tí àwọn ọmọ tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà Táíwò ń pè ní Peltier, kí á máa pè é ní "amopolotutu". Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn o, kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọpọlọ ni àbí ọ̀pọ̀lọ́? Ọmọ mi obìnrin kà á láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ò tíì tutù tó ni?" N kò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n ti àmì ohùn kọ́ ni mo bá wá. "Tutù" gan-an ló ń bí mi nínú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní amúlétutù ńkọ́, amómitutù ńkọ́. Ìyẹn ti gbilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fà á tu. Èyí tí à ń dá lónìí ni kí á fara balẹ̀ wò. Pẹlẹbẹ yìí kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń gbé láti ojú kan lọ sí ojú kejì. Ará Faransé kan tó ti ṣiṣẹ́ aago rí, Peltier, ló kíyè sí i ní 1834 pé tí iná bá ń kọjá níbi tí irin méjì tí kò jọra ti pàdé, ibẹ̀ á tutù tàbí kó gbóná. Ọ̀nà tí iná bá gbà ló ń pinnu. Ní 1838, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Lenz kán omi sí irú ojú ìpàdé bẹ́ẹ̀, omi di yìnyín. Ó yí iná padà, yìnyín yọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé wáyà pupa sí ipò dúdú lára amọ́pọlọtutù yín kí ẹ wò ó: ọpọlọ ló máa sè. Kí lẹ máa wá pè é nígbà náà, amọ́pọlọgbóná?

Ẹ wo aláàárù l'Ọ́jà Ọba. Ó gbé ẹrù níhìn-ín, ó sọ ọ́ lọ́hùn-ún, òógùn tirẹ̀ náà sì tún kún un. Bí Peltier ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, TEC1-12706, horo kéékèèké méjì-méjì ọ̀nà 127 ló tò sáàárín tánganran méjì, áńpíà 6 sì ni "06" ìdí rẹ̀. (Nọ́ńbà yẹn ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ju orúkọ tí ẹ̀gbọ́n fún un lọ.) Ooru ọpọlọ àti ooru iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, méjèèjì ló ń dà sí ojú gbígbóná. Bí kò bá sí irin onílàálàá àti fáànù ńlá tó máa gbà á níbẹ̀, ẹrù á padà sórí ẹni tó ni ín.

Mo ti fi owó mi kọ́ ọ. Lójò èṣí ni mo lẹ ẹyọ kan mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó tutù débi pé ìrì sẹ̀ sí i lára, omi ń kán sórí pátákó ìsàlẹ̀. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fídíò, ó gbóná ju ìgbà tó ń lo fáànù lásán lọ, nítorí ẹrù ti pọ̀ ju aláàárù lọ. Pátákó náà kú.

Àwọn àgbà wa ò ṣi irú èyí mú. Ìyá àgbà mi l'Ómù-Àrán kì í ra àmù tí kò bá làágùn. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde lára ìkòkò kí omi tó tutù. Ìlú tí mò ń gbé yìí náà ńkọ́? Ìtàn ní òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin n'Ídìí-Àpé ló bí orúkọ rẹ̀: ìlọ-irin. Mímú ni wọ́n fẹ́ kí irin mú, síbẹ̀ lílọ ni wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ. Iṣẹ́ òkúta ni wọ́n wò.

Nítorí náà, agbóorukọjá ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó ní "kó" ló yẹ, kí á pè é ní akóorukọjá, mo gbọ́, àmọ́ "kó" yẹn ń rùn olè sí mi nímú. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n á fèsì. Kí wọ́n ṣáà fi àmì ohùn sí i.

Arábìnrin tó ní láti ara "a-mú" ni "àmù" ti wá, ọ̀rọ̀ wa ò tíì tán o. Mú kì í ṣàdédé di mù. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń retí ẹ̀rí yín.