Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí purotéènì ara ẹja àrọ̀ tí omi bá ń tutù tó tún ń gbóná?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹja. Mo ń sin àrọ̀ nínú tánkì n'Ìbàdàn, tọ́yẹ́ bá ti dé báyìí omi á tutù dé 22°C láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán á tún gbé e dé 30°C, ẹja ò wá jẹun dáadáa mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an torí oúnjẹ ẹja ti wọ́n.

Mo kà á pé bí omi bá ṣe rí lara ẹja ṣe ń rí, pé tó bá gbóná jù purotéènì inú ẹ̀ á máa tú kúrò ní bó ṣe ká, lara á bá pèsè HSP70, ọ̀kan lára àwọn purotéènì adáàbòbò tí wọ́n ń pè ní HSP (heat shock protein), tó ń bá a ká a padà. Ẹja Antarctica kan wà tó ń jẹ́ Trematomus bernacchii, òun ò lè pèsè kún HSP tiẹ̀ tí omi bá gbóná, ìyẹn yà mí lẹ́nu o!

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtútù náà ń jẹ́ kí àrọ̀ pèsè HSP ni, àbí ẹ́ńsáìmù tó ń da oúnjẹ ló kàn ń lọ́ra? Àti pé ṣé òtútù yẹn gan-an ló burú ni àbí bó ṣe ń lọ sókè sódò lójúmọ́ kan?