“Epo olójèé”, “epo aláìlójèé”: kí ni orúkọ náà ń sọ fún wa?

Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ará. Orúkọ Yorùbá tó yẹ kí a fún epo ọkọ̀ eré-ìje tó ní òjé àti èyí tí kò ní ni à ń jíròrò níbí, “olójèé” àti “aláìlójèé” ni èmi sì fara mọ́. Ẹni tó dábàá pé kí a pe epo ọkọ̀ eré-ìje tí wọ́n fi òjé sí ní “epo líle”, kí èyí tí kò ní òjé máa jẹ́ “epo mímọ́”, gbìyànjú gan-an, ṣùgbọ́n n kò lè bá a lọ. Orúkọ méjèèjì ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òjé kì í fi agbára kún epo. Lọ́dún 1921, nígbà tí Thomas Midgley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní General Motors, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, rí i pé tetraethyl lead, èròjà olójèé tí a ń pò mọ́ epo, wúlò, ariwo inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wá oògùn fún. Iṣẹ́ òjé kò ju pé kì í jẹ́ kí epo dédé gbiná nígbà tí písítìnì bá fún un pọ̀. Ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ló wá lè fún un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni agbára ti ń wá. Bí ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì yín kò bá ga, ẹ rọ olójèé sí i títí, bó ṣe sáré lánàá náà ni yóò sáré lónìí. Ní ìdà kejì, epo aláìlójèé tí wọ́n po ẹtanọ́ọ̀lù (ọtí ògidì) mọ́ ń gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání wọlé, ó sì ń tu afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì lára. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì tò fún un lè rí agbára tó ju ti olójèé lọ, àmọ́ epo ni yóò máa mu bí omi. Èwo ló wá le nínú méjèèjì?

“Mímọ́” kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. Toluene, kẹ́míkà kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ aláìlójèé kí òǹkà ọ́kítéènì rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo kò ṣe ń dá gbiná fúnra rẹ̀) lè ga, kì í ṣe omi ìsun.

Ẹlòmíì ní “aláìlójèé” ń dún bí “aláìní”, pé àwọn èèyàn yóò rò pé epo òtòṣì ni. Ṣé aláìlẹ́bi àti aláìlárùn náà jẹ́ òtòṣì? Ohun tí èèyàn kò ní ló ń sọ bóyá àìní náà dára tàbí kò dára. Òjé sì rèé, májèlé ni, ó ń bo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, ó sì ń ba ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú sálẹ́ńsà jẹ́. Òótọ́ ni pé ó lójú àánú tirẹ̀: nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí irin ibi tí fáàfù ń balẹ̀ sí kò le, eérú òjé ló ń ṣe bí tìmùtìmù níbẹ̀. Síbẹ̀, NASCAR alára, ẹgbẹ́ tó ń darí eré-ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo aláìlójèé lọ́dún 2007, eré wọn kò sì di ti ìgbín.

(Ẹ jọ̀ọ́, “olójèé” ni, kì í ṣe “olójé”. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí “òjé” kì í sọnù, bí ti “òtítọ́” kò ṣe sọnù nínú “olótìítọ́”.)

Àbá tó mú mi ronú jù ni “àfòjésí” àti “àìfòjésí”, nítorí òjé kò bá epo wá láti inú ilẹ̀, èèyàn ló fi sí i. Ó tún bá òfin mu. Ní Amẹ́ríkà, epo tí òjé inú gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju gíráàmù 0.05 lọ ṣì ń jẹ́ aláìlójèé, bí kò bá ṣáà ti sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi òjé sí i. Nínú ìwé òfin eré-ìje, èmi yóò gba “àìfòjésí” tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́nu èèyàn, n kò rò pé yóò rìn jìnnà. Ohun tí ó yẹ ká sá fún ni irú orúkọ tí wọ́n fún epo bàálù kan, 100LL, tí LL rẹ̀ túmọ̀ sí pé òjé inú rẹ̀ kéré. Ó lè ní tó gíráàmù 0.56 nínú lítà kan! Nígbà tí epo olójèé ṣì wà lójú títì ní Britain, 0.15 ni òfin fi mọ fún un láti 1986. Kékeré yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni?

Ìṣòro tó kù ni ariwo tí Midgley ń wá oògùn fún yẹn. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé òjé “kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì”. Lẹ́nu mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì ti kú, ẹ máa wá òmíràn ni. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn yóò rò pé olójèé ń sọ ẹ́ńjìnnì di àìkú. Ohun tí à ń wí ni pé lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti tanná, ìyókù epo tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dá gbiná fúnra rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì wá ń dún kan-kan-kan. Mo dábàá “àdágbiná”. Èyí tó bá gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó tanná rárá, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì burú jù ú lọ: ẹ jẹ́ ká pe òun ní “ìgbiná-ṣáájú”. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu, mo ṣe tán láti jọ̀wọ́ “àdágbiná”, ṣùgbọ́n “nọ́ọ̀kì” kò ṣeé gbà.