LaCoO3 mi le bí òkúta, kò ní ihò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Èbúté, Ìkòròdú ni mo wà. Mo fẹ́ ṣe LaCoO3 (àdàpọ̀ lanthanum, cobalt àti ọ́síjìn) tó ní ihò kéékèèké, kó lè máa mú ọ́síjìn yọ lára omi tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Mo po iyọ̀ nitrate ti lanthanum àti ti cobalt mọ́ citric acid, mo sè é títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo wá sun ún ní 900 °C. (Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì!) Ó dúdú, ó le koko. Nígbà tí mo dán an wò nínú omi KOH (potassium hydroxide), ọ́síjìn tó ń yọ kò tó nǹkan.

Ìdáhùn: Àbúrò, 900 ti pọ̀ jù. Àwọn hóró á lẹ̀ mọ́ra, ihò á dí. 700 °C tó.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ da ohun tí o sè yẹn sáàárín bọ́ọ̀lù PMMA (irú ike kan) kéékèèké kó tó gbẹ. Bí wọ́n bá jó tán, àyè wọn ló máa di ihò, bíi ti inú búrẹ́dì. Rọra gbé iná sókè o.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Níbo ni mo ti máa rí PMMA?

Ìdáhùn: Èmi fúnra mi ni mo ń ṣe é láti ara MMA, kẹ́míkà olómi tí wọ́n fi ń ṣe ike náà. Ṣí fèrèsé, òórùn rẹ̀ á lé ọ jáde nílé!