Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ orí àwòrán ọjà Túnísì yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àwòrán ọjà kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà àlòkù, ó sì sọ pé August Macke, ará Jámánì, ló yà á ní Túnísì. Lóòótọ́ ni Macke àti àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Paul Klee àti Louis Moilliet, jọ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1914, kí ogun tó pa Macke ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà olómi ló pọ̀ jù nínú ohun tó lò lọ́hùn-ún, ọ̀dà olóròóró sì ni tèmi, ó nípọn débi pé ìka mi ń kọ́ lára láwàní ọkùnrin tó ń ta ìkòkò. Àwọn èrò ọjà náà kò ní ojú, àwọ̀ pupa àti búlúù lásán ni wọ́n, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé mò ń gbọ́ ariwo wọn. (Owó tí mo san kò tó nǹkan, n kò retí ọrọ̀ kankan.) Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n wò lẹ́yìn férémù àti lára aṣọ tí wọ́n yà á sí, tí yóò fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn mí? Ǹjẹ́ mo sì lè nu eruku ara rẹ̀ láìba ọ̀dà náà jẹ́?