"Oje inú" kò tó fún họ́mọ̀nù

Ẹ̀yin ará, mo ka àbá ẹni tó ní ká máa pe họ́mọ̀nù, ohun tí ara ń tú jáde láti fi jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn, ní "oje inú," mo sì rí èsì ẹ̀gbọ́n wa tó ní "ońṣẹ́ iṣan" ló dáa jù. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Oje ni ohun tí ara ń sun sínú ìfun láti fi da oúnjẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni họ́mọ̀nù ń gbà ní tirẹ̀. Bí a bá pè é ní oje, kí la ó wá máa pe oje gan-an?

Ti iṣan ló tún le jù. Lọ́dún 1902, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara méjì, William Bayliss àti Ernest Starling, gé àwọn iṣan tó so mọ́ apá kan ìfun ajá, wọ́n dá iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí. (Ẹ ò rí i pé "iṣan" ti di oríṣi méjì! Ẹ jẹ́ ká máa pe ti àkọ́kọ́, èyí tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara, ní "iṣan ọpọlọ.") Wọ́n da ásíìdì sínú ìfun náà, páńkíríásì (ẹ̀yà ara tó ń sun oje sínú ìfun) sì ń sun oje síbẹ̀síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èrò Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, pé iṣan ọpọlọ ló ń darí rẹ̀ ló gbilẹ̀ nígbà náà. Wọ́n wá ha awọ inú ìfun, wọ́n pò ó mọ́ ásíìdì, wọ́n fa omi rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Oje tún sun. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà, kì í ṣe iṣan ọpọlọ. Secretin ni wọ́n sọ ohun náà.

Iṣan ọpọlọ náà ní ipa tirẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń pè ní vagus ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì G ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù sókè, wọ́n á tú họ́mọ̀nù gastrin sílẹ̀, gastrin á sì mú kí ásíìdì sun. Bí ásíìdì bá wá pọ̀, tí pH (òǹkà tó ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀) wálẹ̀ dé nǹkan bí 3, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, sẹ́ẹ̀lì D, á tú họ́mọ̀nù somatostatin sílẹ̀, á ká sẹ́ẹ̀lì G lápá kò. Ásíìdì yìí kan náà, tó bá ṣàn dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, tí pH ibẹ̀ kò tó 4.5, òun ló ń mú secretin jáde.

Nítorí náà, "arunisókè," tí ẹnìkan fà yọ lára ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Starling mú lò ní 1905 láti fi sọ họ́mọ̀nù lórúkọ, kò lè dúró. Somatostatin kì í ru nǹkan sókè, ńṣe ló ń dá a dúró.

Àbá tèmi ni "agbẹ̀jẹ̀jíṣẹ́," bí a ṣe ṣẹ̀dá "agbẹjọ́rò." Ó bá gastrin àti secretin mu. Ṣùgbọ́n nínú àpòlúkù, sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ni somatostatin sábà ń jíṣẹ́ fún, láìwọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣé ká pe ìyẹn ní "ajíṣẹ́ ìtòsí," àbí ẹ ní èyí tó sàn jù?